Lẹ́tà ṣíṣí sí ìgbìmọ̀ àtúnṣe ilé gíláàsì: ẹ ka igi kẹ́ ẹ tó ka gíláàsì

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ tẹ́ ẹ ń ṣètò àtúnṣe ilé gíláàsì wa tá a ti ń tọ́jú igi àti ewéko, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá.

Mo ti ka àbá tẹ́ ẹ gbé jáde. Mo kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo tún padà kà á lẹ́ẹ̀kejì torí mo rò pé bóyá mo ti fo ibì kan. Àwòrán ẹnu ọ̀nà tuntun wà níbẹ̀, àwòrán iná tí á máa tàn lálẹ́ wà níbẹ̀, ibi táwọn èèyàn á ti máa jókòó mu tíì wà níbẹ̀, ìyẹn nìkan gba odindi ojú ewé mẹ́ta. Ewéko tó wà nínú ilé náà, gbólóhùn kan ṣoṣo lẹ kọ nípa wọn, pé ẹ máa kó wọn lọ síbòmíì fún ìgbà díẹ̀. Gbólóhùn yẹn ni ò jẹ́ kí n rí oorun sùn, òun náà ló jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí síta níbi tí gbogbo èèyàn ti lè kà á.

Èmi kì í ṣe ẹnjiníà o, mi ò sì yàwòrán ilé rí. Ọdún 9 ni mo ti ń yọ̀ǹda ara mi nínú ilé náà, gbogbo àárọ̀ Sátidé, mo ń bomi rin igi, mo ń nu ewé, mo ń ṣa èyí tó bá já bọ́, mo sì ti mọ gbogbo ojú ibi tí òjò ti ń jò sórí mi. Inú mi dùn pé ẹ fẹ́ tún un ṣe, ó ti pẹ́ tó ti yẹ. Ohun kan ṣoṣo ni mo wá bẹ̀ yín fún: ẹ bẹ̀rẹ̀ ètò náà látọ̀dọ̀ ewéko, ẹ má bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ látọ̀dọ̀ gíláàsì. Irin tó bá jẹ, a lè rọ òmíì. Gíláàsì tó bá fọ́, a lè ra òmíì. Igi tó ti lo ọgọ́rùn-ún ọdún, tó bá fi lè kú mọ́ wa lọ́wọ́, ọgọ́rùn-ún ọdún mìíì la máa fi dúró de irú ẹ̀, ìyẹn tá a bá tiẹ̀ rí irúgbìn ẹ̀ gbìn.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ti ilé náà gan-an kẹ́nikẹ́ni má bàa rò pé mo ní kẹ́ ẹ pa á tì. Omi ló ń pa irú ilé yìí, kì í ṣe ọjọ́ orí. Afẹ́fẹ́ inú ilé gbóná, ó sì kún fún ọ̀rinrin, torí ohun táwọn igi yẹn fẹ́ nìyẹn, gíláàsì tó kọjú síta sì tutù, bí afẹ́fẹ́ yẹn bá ti kan gíláàsì báyìí ó di omi, omi á máa ṣàn gba ara irin tó di gíláàsì mú, á lọ sinmi sí oríkèé ibi tí irin méjì ti pàdé, ibẹ̀ ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìpẹtà sì máa ń wú. Àyè tó ń gbà ju ti irin tó jẹ lọ dáadáa, kò sì síbi tó fẹ́ wú lọ ju ara gíláàsì lọ, á wá máa tì í títí á fi là. Àwọn gíláàsì tó là ní igun ìwọ̀ oòrùn yẹn, kì í ṣe ẹyẹ ló kọ lù wọ́n o, kì í sì í ṣe ọmọdé ló sọ òkúta. Irin tó di wọ́n mú ló ń fún wọn pa.

Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n kùn ún lọ́dà kẹ́yìn. Orí ìpẹtà ni wọ́n kùn ún lé láìhá a kúrò, ó funfun báláú fún ọdún kan, gbogbo èèyàn ń ya fọ́tò, nígbà tó fi máa di ọdún kejì ọ̀dà yẹn ti ń ṣí bí ìpẹ́ ẹja, omi sì ti há sábẹ́ ẹ̀, tó túmọ̀ sí pé irin tó wà lábẹ́ wá ń jẹ kíákíá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣe ni wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ tí wọ́n ń pa làpálàpá. Mi ò fẹ́ ká tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú owó tó ju tìgbà yẹn lọ.

Torí náà ẹni tó bá máa yẹ ilé yẹn wò, kó yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀pá kọ̀ọ̀kan. Irú irin méjì ló sábà máa ń wà nínú àwọn ilé àtijọ́ yìí, ọ̀kan ni èyí tí alágbẹ̀dẹ rọ, ìkejì ni èyí tí wọ́n yọ́ tí wọ́n sì dà sínú àpótí. Wọ́n jọra lójú tí ọ̀dà bá ti bò wọ́n, àmọ́ ìwà wọn ò jọra rárá. Èyí tí wọ́n rọ lè tẹ̀, ó lè ṣe é jó pọ̀, wọ́n lè gé ibi tó bà jẹ́ kí wọ́n fi tuntun sí i. Èyí tí wọ́n dà lágbára tí ẹrù bá wà lórí ẹ̀, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fà á tàbí tẹ́ ẹ bá lù ú, lójijì ló máa ń kán, jíjó ẹ̀ pọ̀ sì le gan-an. Kọngílá tí ò bá mọ̀yàtọ̀ wọn á ba méjèèjì jẹ́. Nígbà tí wọ́n ń tún ilé gíláàsì tí Richard Turner kọ́ sí ọgbà Glasnevin ní Dublin ṣe, iṣẹ́ tí wọ́n parí ní 1995, irin àtijọ́ tí wọ́n yọ kúrò lára Palm House, ilé gíláàsì àwọn ọ̀pẹ ní Kew, ọgbà ewéko ńlá kan ní London, ni wọ́n lò láti fi ṣàtúnṣe ẹ̀, torí pé Turner yìí kan náà ló ṣe irin ilé méjèèjì. Ẹnì kan ló ronú jìnnà tí ò fi jẹ́ kí wọ́n kó irin yẹn dànù. Irú ẹni tí mò ń wá nínú ìgbìmọ̀ yín nìyẹn.

Ibi tí wọn ò bá sì ti tètè wò ó, ó ń dà wó lu èèyàn ni. Ní Milwaukee, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ilé rìbìtì mẹ́ta ló wà ní Mitchell Park, kọnkéré ni egungun wọn, láàárín 1959 sí 1967 ni wọ́n kọ́ wọn. Ní 2016, kọnkéré já bọ́ látòkè, wọ́n ti gbogbo ẹ̀ pa, kí wọ́n tó ṣí i padà ṣe ni wọ́n ta nẹ́ẹ̀tì onírin sábẹ́ òrùlé kí èyí tó bá tún já má bàa bà lé èèyàn lórí. Ní San Francisco, igi ni egungun Conservatory of Flowers tí wọ́n ṣí ní 1879. Ìjì jà ní December 1995, ó fọ́ bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún gíláàsì ẹ̀, wọn ò sì rí i ṣí padà àfi ní 2003, lẹ́yìn tí wọ́n ti ná nǹkan bíi mílíọ̀nù 25 dọ́là. Igi tó ti rà wà níbẹ̀ kí ìjì tó dé.

Ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ ọ̀dà àtijọ́ náà. Òjé wà nínú ẹ̀, májèlé ni. Tí wọ́n bá ń há a lórí ilẹ̀ tí igi wà, orí ewé àti inú iyẹ̀pẹ̀ ni eruku ẹ̀ ń lọ, iyẹ̀pẹ̀ yẹn náà làwọn ọmọ iléèwé máa wá tẹ ọwọ́ bọ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ṣí ilé padà. Nígbà tí wọ́n ń tún Temperate House, ilé gíláàsì mìíì ní Kew, ṣe, ṣe ni wọ́n pàgọ́ bo gbogbo ilé náà pátápátá, àwọn sikáfóòdù tí wọ́n lò, tẹ́ ẹ bá tò wọ́n mọ́ra wọn, ó tó kìlómítà 180. Mo mọ̀ pé owó àgọ́ wọ́n. Kò sí nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì yín rárá, mo wá a títí.

Ó ti tó nípa irin. Ẹ jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń gbé inú ilé.

Tẹ́ ẹ bá bi mí pé igi mélòó ló wà níbẹ̀, mi ò lè dá yín lóhùn, mi ò sì rò pé ẹnikẹ́ni nínú yín lè dáhùn. Ìwé tí wọ́n fi ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀ wà, àmọ́ àwọn kan nínú igi inú ìwé yẹn ti kú tipẹ́, àwọn kan sì wà lórí ilẹ̀ tí wọn ò sí nínú ìwé. Mo mọ igi kan tó jẹ́ pé orúkọ ọmọ ìyá ẹ̀ ni wọ́n kọ mọ́ ọn lára, a sì ń júwe ẹ̀ bẹ́ẹ̀ fáwọn àlejò fún ọdún mẹ́rin kí ìyá àgbàlagbà kan tó mọ̀ nípa ẹ̀ tó wá tún un ṣe fún wa. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan gíláàsì, ẹ rán àwọn tó mọ ewéko wọlé, kí wọ́n máa lọ látìdí kan dé ìdí kejì, kí wọ́n kọ ohun tó jẹ́, ibi tí wọ́n ti mú un wá, ọdún tó dé, bí ara ẹ̀ ṣe rí báyìí, bóyá irú ẹ̀ wà ní ọgbà mìíì, bóyá ó ṣe é gbé tàbí kò ṣe é gbé. Iṣẹ́ oṣù púpọ̀ ni. Igi kan náà lè yọ òdòdó lóṣù kan kó sì sùn lóṣù mìíì, ẹni tó bá kà á lẹ́ẹ̀kan péré ti kà á tì.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn rèé. Ní 1895, John Medley Wood, onímọ̀ nípa ewéko, rí cycad kan nínú igbó Ngoye ní South Africa, irú igi kan tó jọ ọ̀pẹ ni, akọ ẹ̀ lọ́tọ̀, abo ẹ̀ lọ́tọ̀, akọ sì ni èyí tó rí. Wọ́n wá abo ẹ̀ títí, ẹnikẹ́ni ò rí i dòní. Encephalartos woodii ni wọ́n sọ ọ́, gbogbo èyí tó wà nínú àwọn ọgbà káàkiri ayé, ìdí igi kan yẹn ni wọ́n ti yọ gbogbo wọn. Ọ̀kan dé Kew ní 1899. Ẹ wo irú igi bẹ́ẹ̀ kó wà nínú ilé wa, kí ẹni tó ń wa katakata má sì mọ̀ torí pé pátákó orúkọ ẹ̀ ti parẹ́. Mi ò sọ pé woodii wà lọ́dọ̀ wa o. Mo ní a ò tíì wò ó débi tá a fi máa mọ ohun tó wà lọ́dọ̀ wa.

Ní Palm House ti Kew kan náà, cycad mìíì wà níbẹ̀ tí Francis Masson, ẹni tó ń kó ewéko jọ fún Kew, mú wá láti South Africa ní 1775, inú ìkòkò ló ṣì wà títí di bá a ṣe ń sọ yìí. Ilé tó wà nínú ẹ̀, 1844 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, 1848 ni wọ́n parí ẹ̀. Igi yẹn ju ilé lọ lọ́jọ́ orí! Wọ́n ti tún ilé yẹn ṣe ní àwọn ọdún 1950, wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i láti 1984 sí 1988, igi ṣì wà níbẹ̀ tó ń yọ ewé. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí nìyẹn, pé ilé ló ń pààrọ̀ aṣọ, igi ló nilé.

Mi ò sì fẹ́ tàn yín. Gbogbo igi kọ́ ló máa là á já, ẹni tó bá sọ fún yín pé gbogbo ẹ̀ lòun á gbé láìsí ìkankan tó máa kú, ẹ má gbé iṣẹ́ fún un. Nígbà tí wọ́n kó gbogbo ohun tó wà nínú Palm House jáde ní 1984, ìgbà àkọ́kọ́ tí ilé yẹn máa ṣófo látìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ nìyẹn, wọ́n kó èyí tó pọ̀ jù lọ sáwọn ilé gíláàsì mìíì, èyí tó tóbi jù láti gbé ni wọ́n gé, wọ́n sì sá apá kan lára wọn gbẹ, wọ́n tọ́jú ẹ̀ sí ilé tí wọ́n ń kó ewé gbígbẹ pa mọ́ sí káwọn onímọ̀ lè máa wò ó. Ní Temperate House, ọ̀pẹ Chile kan wà tó ti lé ní ọgọ́jọ ọdún, orí ẹ̀ ti fẹ́ kan òrùlé, kò ṣe é gbé, àwọn náà gé e. Ó dùn mí nígbà tí mo kà á, àmọ́ mo gbà fún wọn, torí wọ́n dìídì pinnu ẹ̀ ni, wọ́n sì sọ ọ́ síta. Tiwa náà wà tó ti fẹ́ kan òrùlé, gbogbo yín mọ̀ ọ́n. Ẹ pinnu lórí ẹ̀ nísinsìnyí lójú gbogbo èèyàn, kó má di pé lọ́jọ́ kan kọngílá kan á kàn yọ ẹ̀rọ ìgégi torí pé sikáfóòdù ò rí àyè dúró.

Àwọn tó sì ṣe é gbé náà, igi tó ti fìdí múlẹ̀ kì í ṣe àga tí wọ́n kàn ń gbé látibí sọ́hùn-ún. Tẹ́ ẹ bá hú u lójijì, àwọn gbòǹgbò tín-ín-tìn-ìn-tín tó fi ń mu omi wà lókèèrè sídìí ẹ̀, wọ́n á já sílẹ̀ gbogbo, igi á dúró bí ẹni tó wà dáadáa fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé wọ́n á gbẹ́ yàrà yí ààbọ̀ ìdí ẹ̀ ká, wọ́n á gé gbòǹgbò ibẹ̀ mọ́ níwọ̀n, wọ́n á fi iyẹ̀pẹ̀ tó dáa dí i, wọ́n á wá fi í sílẹ̀ kó yọ gbòǹgbò tuntun nítòsí, tó bá di ọdún tó tẹ̀ lé e wọ́n á ṣe ààbọ̀ tó kù, ìgbà yẹn ni wọ́n á tó gbé e. Ọdún kan ó kéré tán nìyẹn, fún àwọn ńlá ó lè jẹ́ ọdún méjì. Ẹ̀yin sì kọ ọ́ sínú àbá yín pé iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ lóṣù mẹ́jọ sísìnyí. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ti gbẹ́ yàrà?

Kẹ́ ẹ tó gbé ìyá, ẹ gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀. Èyí tó bá ṣe é gé ẹ̀ka ẹ̀ gbìn, ẹ gé e. Èyí tó bá ń so, ẹ kó hóró ẹ̀, ẹ gbìn ín. Èyí tó bá ń yọ ọmọ nídìí, ẹ yọ ọ́. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ pín àwọn ọmọ yẹn fún ọgbà mìíì méjì tàbí mẹ́ta, kó má jẹ́ pé abẹ́ òrùlé kan ṣoṣo ni gbogbo wọn wà. Àwọn ọ̀pẹ ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn, ojú kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń dàgbà ló wà lórí wọn, kò sí ẹ̀ka tẹ́ ẹ fẹ́ gé gbìn, bí ojú yẹn bá ti bà jẹ́ ó parí. Hóró nìkan ni ọ̀nà àbáyọ, hóró sì máa ń ní àkókò tiẹ̀, kò ní dúró de ìpàdé ìgbìmọ̀.

Ọ̀rọ̀ "ìgbà díẹ̀" tẹ́ ẹ kọ wá ńkọ́? Kibble Palace, ilé gíláàsì kan ní Glasgow, ti kó kúrò níbì kan lọ síbòmíì rí, torí etí omi ní Coulport ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ọ sí kí wọ́n tó tú u wá sí ọgbà Glasgow ní 1873. Nígbà tí wọ́n tún tú u láti tún un ṣe, wọ́n kó irin ẹ̀ lọ sí Yorkshire, 2003 ni wọ́n tì í pa, 2006 ni wọ́n ṣí i. Palm House gba ọdún mẹ́rin. Temperate House tì láti 2013 di 2018. Ti San Francisco lé ní ọdún méje. Kò sí èyí tó ṣe ìgbà díẹ̀ nínú wọn. Ọmọ tó bá wà ní jẹ́lé-ó-sinmi lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ti ilé yẹn pa, ó lè ti máa jáde nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kó tó tún wọ ibẹ̀. Torí náà ibi tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó igi lọ, ilé ni kẹ́ ẹ kọ́ fún wọn, kẹ́ ẹ má pàtíbàbà fún wọn. Kó ní ìmọ́lẹ̀ tó tó, kó ga tó, kó ní iná tó ń mú un gbóná àti òmíì tó máa gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ tó bá kú. Ẹ sì kọ́ ọ ṣáájú. Kí òtútù ọdún kan kọjá lórí ẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀nba igi díẹ̀ nínú ẹ̀, ká rí ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó, ká tó kó àwọn àgbà wọbẹ̀.

Mo ní ìdí tí mo fi ń sọ èyí. Ní bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, bọ́ílà, ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, kú lóru. Àlááàmù tó yẹ kó ké ti bà jẹ́ kó tó dìgbà yẹn, wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó bà jẹ́, wọn ò tíì tún un ṣe. Kò sẹ́ni tó mọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Sátidé ni, èmi ni mo kọ́kọ́ wọlé, bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn tí ooru ò gbá mi lójú bó ṣe máa ń ṣe ni mo ti mọ̀. Àwọn ewé wà lára igi bí aṣọ tútù tí wọ́n sá sórí okùn. Wọn ò dúdú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ìgbà tó di ọ̀sán ni wọ́n dúdú, lójú mi níbẹ̀. Igi kan wà nínú wọn tí ò ga ju orúnkún mi lọ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, lọ́jọ́ yẹn ó ti ga jù mí lọ. A gé e lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Òru kan péré ni gbogbo ẹ̀ o, ilé tó sì ti mọ iṣẹ́ ẹ̀ látọjọ́ pípẹ́ nìyẹn. Ilé tuntun tẹ́ni kan ò tíì sùn nínú ẹ̀ rí wá ńkọ́.

Ti bọ́ílà yìí ni kẹ́ ẹ fi pẹ̀lú ètò ilé ńlá náà o, torí òun ló ń jẹ owó ju ohunkóhun lọ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ṣí ilé tán. Ní Chatsworth, ilé ńlá ìjòyè kan nílẹ̀ England, wọ́n kọ́ ilé gíláàsì kan láyé ìgbà Joseph Paxton, olórí àwọn tó ń tọ́jú ọgbà ibẹ̀, láàárín 1836 sí 1841, kò sí irú ẹ̀ nígbà yẹn. Ogun àgbáyé àkọ́kọ́ dé, èédú wọ́n, wọn ò rí i dá iná fún un, igi inú ẹ̀ kú, ní 1920 wọ́n wó o. Kì í ṣe ìjì, kì í ṣe bọ́ǹbù. Ẹ má mú gbogbo ilé gbóná bákan náà. Igi aṣálẹ̀ ò bá igi inú igbó òjò dọ́gba, àwọn kan nínú wọn tiẹ̀ fẹ́ kí alẹ́ tutù díẹ̀ kí wọ́n tó yọ òdòdó. Tẹ́ ẹ bá fi gíláàsì pín inú ilé sí yàrá yàrá, ẹ lè fún oníkálùkù ní ìwọ̀n tó fẹ́, owó á sì dín kù.

Mo gbọ́ pé àwọn kan nínú yín fẹ́ gíláàsì onípele méjì káàkiri kí ooru má bàa máa jáde. Mo lóye ẹ̀. Àmọ́ ó wúwo ju ẹyọ kan lọ ní ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ṣe fún gíláàsì ẹyọ kan ò sì gbọ́dọ̀ máa ru ẹrù tí wọn ò bí i mọ́. Tẹ́ ẹ bá ní kí irin sanra láti ru ú, òjìji irin á pọ̀ sí i, ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ọ̀dọ̀ igi á dín kù. Wọ́n ṣe àṣìṣe ìmọ́lẹ̀ yìí rí ní Palm House, gíláàsì aláwọ̀ ewé ni wọ́n kọ́kọ́ fi sí i torí wọ́n rò pé oòrùn á jó àwọn ọ̀pẹ, nígbà tó yá wọ́n padà sí funfun. Ohun tí mo máa tẹnu mọ́ ni pé èyí tó wà lókè orí èèyàn, ẹ jẹ́ kó jẹ́ irú èyí tó jẹ́ pé tó bá fọ́, kò ní já bọ́ ní wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ní June 2011, yìnyín rọ̀ lu Garfield Park Conservatory ní Chicago, ó fọ́ gíláàsì tó pọ̀ gan-an, àfọ́kù sì rọ̀jò sórí àwọn ewéko tí wọ́n ń pè ní ọmu (fern) àti sínú iyẹ̀pẹ̀. Ẹ ro bó ṣe máa rí láti ṣa àfọ́kù gíláàsì kúrò láàárín ewé ọmu ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àwọn fèrèsé òkè téèyàn ń yí ọwọ́ ẹ̀ láti ṣí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má yọ wọ́n dànù torí pé ẹ fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ṣí wọn. Ẹ fi kọ̀ǹpútà sí i, ó dáa, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ọwọ́ ẹ̀ wà níbẹ̀ fọ́jọ́ tíná bá lọ.

Owó. Mo mọ̀ pé owó àtúnṣe ńlá máa ń rọrùn rí ju owó ọ̀dà ọdọọdún lọ, torí pé kò sẹ́ni tó ń gé ríbọ́nù fún ọ̀dà. Temperate House gba mílíọ̀nù 41 pọ́n-ùn, gíláàsì 15,000 ni wọ́n pààrọ̀. Mi ò bẹ̀rù iye owó tẹ́ ẹ kọ. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé kò sí ìlà kankan fún ọdún kejì, ọdún karùn-ún, ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn tí ẹ bá parí. Ẹ wo Palm House, láàárín àtúnṣe tàwọn ọdún 1950 sí ti 1984, nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún péré ni. Èyí tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe yìí náà ò ní jẹ́ ìkẹyìn. Ẹ ya owó kan sọ́tọ̀ látòní tí ẹnikẹ́ni ò ní lè fi ṣe ohun mìíì, kẹ́ ẹ sì ṣe ọ̀nà tóóró sókè níbi tí ẹni tó ń kùn ún lọ́dà lè rìn gbà láìjẹ́ pé wọ́n to sikáfóòdù ní gbogbo ìgbà. Nítorí pé kò sí ọ̀nà dé òkè ni wọ́n ṣe fi ìpẹtà sílẹ̀ níbẹ̀ tó fi di báyìí.

Mo tún wo orúkọ àwọn tó wà nínú ìgbìmọ̀. Agbẹjọ́rò wà níbẹ̀, oníṣirò owó wà níbẹ̀, ayàwòrán ilé méjì wà níbẹ̀. Mi ò rí ẹnì kan tó ń bomi rin igi. Ọ̀gá tó ń tọ́jú àwọn cycad yẹn ti ń ṣe é látìgbà tí mi ò tíì débẹ̀, ó mọ èyí tó máa ń ṣàìsàn lóṣù wo, ó mọ èyí tí wọ́n ti gbé rí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, kò kọ ọ́ sínú ìwé kankan, orí ẹ̀ ló wà, ó sì máa tó fẹ̀yìn tì. Ẹ fi òun náà jókòó síbi tí ẹ ti ń dìbò, ẹ má kàn pè é wá fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ìpàdé yín tó ń bọ̀ ni mo gbọ́ pé ẹ ti fẹ́ fọwọ́ sí ìwé kọngílá. Ẹ dákun, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ fi ìwé mẹ́ta han gbogbo èèyàn: orúkọ gbogbo igi tó wà nínú ilé, èyí tẹ́ ẹ ti pinnu pé kò ṣe é gbé, àti ibi tí èyí tó ṣe é gbé ń lọ. Lábẹ́ ìwé kẹta yẹn, ẹ kọ orúkọ ẹnì kan sí i, èèyàn kan pàtó tó ní fóònù, kì í ṣe orúkọ ẹ̀ka iṣẹ́, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ilé ìgbà díẹ̀ á wà lọ́wọ́ ẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ bá pa bọ́ílà àtijọ́. Tẹ́ ẹ bá ń wá ẹni tó máa bá a jí lóru yẹn, èmi máa wà níbẹ̀.

Èmi ni tiyín,
ọ̀kan lára àwọn tó ń bomi rin igi láàárọ̀ Sátidé